Ẹbí Ìyá Ìràwọ̀ Tó Sún Mọ́ Wa Jù

Ìyá Adájọ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o sùn dáadáa, ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le níbi tí o wà? Tí o bá béèrè àwa, a wà, à ń mí, à ń jẹun, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú rere wò ọ́, kí àtẹ̀gùn tí o ń gùn lójoojúmọ́ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo rántí pé o ní nǹkan kan bí àpótí ló ń gbé yín lọ sókè báyìí, pé ẹ máa ń wọnú rẹ̀ ni, tí ilẹ̀kùn á sì pa dé fúnra rẹ̀. Mo ti fi ìyẹn sínú àdúrà lọ́tọ̀, nítorí mi ò fọkàn tán an.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ìbàdí ń dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, nítorí náà má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ. Ó ṣì ń kan àga, ó ṣì ń fi pẹ́ńsùlù sẹ́yìn etí kó tó máa wá a káàkiri ilé, kó sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti mu òróró, kò dún gbuugbu mọ́. Ọmọ oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti hu eyín, ó sì fi ge ìyá rẹ̀ jẹ.

Mo tún ní láti ròyìn ọ̀rọ̀ báńkì fún ọ. Ní oṣù tó kọjá, báńkì tí o bá mi ṣí àkáǹtì sí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé àwọn kí mi kú ọjọ́ ìbí, pé ẹ̀mí mi á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Orí mi wú. Ìwọ gan-an gbàgbé ọjọ́ náà, mi ò bínú, iṣẹ́ ló pọ̀. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo wọ ọkọ̀ lọ bá wọn láti lọ dúpẹ́, mo sì béèrè ẹni tó rántí mi nínú wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì wo ojú ẹnì kejì rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kí wọ́n bá mi kí kọ̀ǹpútà náà dáadáa, kí wọ́n sọ fún un pé mo wá, mi ò bá a ni. Bàbá rẹ ní mo lọ dójú ti ara mi. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kí mi, mo gbọ́dọ̀ lọ kí i padà. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe tọ́ ọ nìyẹn kí ìlú ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ tọ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí gan-an ni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Má fò sókè, rọra jókòó. Kì í ṣe bàbá rẹ, kì í ṣe Adájọ́ ọmọ rẹ. Ìyá Ìràwọ̀ ló kú.

Mo mọ̀ pé o ò mọ ẹni tí mò ń wí, nítorí ó ti pẹ́ tí o ti wálé kẹ́yìn. Ìyá Ìràwọ̀ ni orúkọ tí àwa fún obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn réré, tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwọn olórí ìjọba máa ń dìde fún. Ìràwọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ bí ìràwọ̀ ṣe ń di ìràwọ̀, ó mọ bó ṣe ń darúgbó, ó mọ èyí tó ti kú tipẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà tó ń bọ̀ wá bá wa. Bẹ́ẹ̀, láti ọrùn rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ohun kan tó lè dá mì. Kò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ojú ló fi ń wo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan lára gíláàsì ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà á kó o jọ, á sì kà á síta fún aráyé gbọ́. Odindi ìwé ló fi ojú kọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ pé àwọn kan ní ọwọ́ méjì tó le koko, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kọ sílé láti ọdún tó kọjá, èyí náà ò tún dùn ún gbọ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màá dé orí lẹ́tà náà.

Ìwọ lo bí Adájọ́, o mọ bó ṣe jẹ́. Ẹsẹ̀ kò gbé e, ọwọ́ kò di nǹkan mú, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti jáde, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé gbogbo àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí o sọ ọ́. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé tí kì í dá lẹ́jọ́ láti orí àga rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni rédíò máa ń gbé ọ̀rọ̀ Ìyá Ìràwọ̀ sáfẹ́fẹ́, tí ẹnì kan á máa túmọ̀ rẹ̀. Tó bá ti di àkókò náà, mi ò gbọdọ̀ ránṣọ nítorí ariwo ẹ̀rọ mi, bàbá rẹ ò gbọdọ̀ kan ìṣó. Àwọn oníbàárà mi mọ̀, wọn kì í wá gba aṣọ nígbà yẹn. Àìmọye ìgbà ni mo jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ò yé mi, tí ọmọ náà á tún wá fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ojú abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, bàbá rẹ ló tan rédíò. Wọ́n ní obìnrin náà sùn, kò jí mọ́. Adájọ́ ò sunkún. Ó ní kí bàbá rẹ pa rédíò, lẹ́yìn náà ó ní kó tún tàn án, bóyá wọ́n á sọ pé àwọn ṣèèṣì ni. Nígbà tí wọ́n tún un sọ, ó ní kí n yí àga òun sí ògiri. Kò jẹun. Èmi sunkún, mi ò ní tàn ọ́. Mo sunkún bí ìgbà tí ará ilé ẹni bá kú, nítorí obìnrin náà ti bá wa gbé inú ilé yìí fún ọdún pípẹ́, kò kàn mọ̀ ni.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ tún wá dá kún un. Ọmọ náà fi imú tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ni Ìyá Ìràwọ̀ bá yọ nínú rẹ̀, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mo lọgun pé rédíò ti ṣì í sọ, mo ti na ẹsẹ̀ kan síta láti lọ sọ fún àdúgbò kí Adájọ́ tó ní àwòrán àtijọ́ ni. Mo ní ṣé wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ òkú kí wọ́n tó tún mú un ṣiṣẹ́, nígbà tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Lábẹ́ àwòrán náà làwọn èèyàn ti ń tan àbẹ́là, àbẹ́là lọ bẹẹrẹbẹ. Mo ní kí wọ́n tètè gbé fóònù náà kúrò lórí aṣọ oníbàárà mi kí n má baà di ẹni tó ń sanwó aṣọ olówó iyebíye. Ìgbà yẹn ni Adájọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Oníbúrẹ́dì wá yọjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣé ìbátan wa ni olóògbé. Mo ní rárá. Ó ní ta wá ni kí àwọn kí. Ìbéèrè náà há mi lọ́kàn. O rántí ìgbà tí olórí àwa aránṣọ ìlú kejì kú, ọkùnrin tí mi ò fojú rí rí láyé mi. Ṣọ́ọ̀bù mi làwọn èèyàn wá, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo ní ẹ ṣé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ gbà á. Ẹni tó ń ránṣọ ni ẹbí ẹni tó ń ránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni ti awakọ̀. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá sún mọ́ wa jù ni ẹbí Ìyá Ìràwọ̀ tó wà nítòsí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì yẹ ká lọ. Bàbá rẹ ní ká lọ bá olùkọ́. Mo ní olùkọ́ ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe òun ló ń ṣe é. Ó wá pẹ́ńsùlù rẹ̀ díẹ̀, ó wá ní Baba Olójò ń kọ́.

O mọ ọgbà Baba Olójò, bí o ò tiẹ̀ mọ òun alára. Ìparí títì ni, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wáyà yí i ká, àpótí funfun kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin láàárín koríko, agolo kan wà tó ń gba òjò, irin kan sì ń yí lókè tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ìjọba ló fi ọkùnrin náà síbẹ̀ kó máa wọn òjò, kó máa wo bí ooru àti òtútù ṣe tó. Láti ìgbà tó ti dé, ohun tí àwọn èèyàn ń bá a sọ ò ju pé kí ló dé tí òjò ò rọ̀, tàbí kí ló dé tó ń rọ̀ jù, bí ẹni pé òun ló ń sé e sínú àpótí.

Mo wọ aṣọ tó bá ọ̀fọ̀ mu, mo wọ ti Adájọ́ fún un. Bàbá rẹ da òróró sí ìdí àgbá ẹsẹ̀ àga rẹ̀, èyí tó kàn fún un tó sì fi táyà kẹ̀kẹ́ sí, a sì tì í jáde. Oníbúrẹ́dì béèrè ibi tí à ń lọ, mo sọ fún un, ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa. Onígbàjámọ̀ náà tẹ̀ lé wa, ó fi ẹni tó ń fá lórí lọ́wọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ẹni yẹn ò lè dá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí, òun náà bá bọ́ sáàárín wa. Nígbà tí a ó fi dé ìparí títì, a ti di èrò.

Baba Olójò wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń sá ṣòkòtò sórí wáyà. Ó rí èèyàn rẹpẹtẹ tó fajú ro tó ń wọlé bọ̀ wá bá a. Mo tẹrí ba, mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣòkòtò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá orí mú, ó ní ṣé ìyá òun ni. Mo ní rárá o, ìyá yín á pẹ́ fún yín, Ìyá Ìràwọ̀ ni. Ó ní ta ni Ìyá Ìràwọ̀. Adájọ́ ló dá a lóhùn, ó rọra pe orúkọ obìnrin náà gan-an bí wọ́n ṣe ń pè é lórí rédíò. Ọkùnrin náà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko.

Mo rò pé ó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní òun náà gbọ́ láàárọ̀. Ó ní ìwé tí obìnrin náà kọ ni òun kà nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ tí òun fi yan iṣẹ́ yìí, pé nígbà tí òun gbọ́, òun kàn dìde lọ wo agolo òjò bí òun ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, nítorí kò sí ẹnì kan tí òun lè sọ fún pé ẹni ńlá ti lọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé inú ọgbà yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì wá kí òun fún ohunkóhun rí. Ó wọlé lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi bọ́tìnì kan sí ojú ihò òmíràn, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó sì jókòó bí ọlọ́fọ̀. A ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wa lóhùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó ní ìdajì orí kí i dáadáa, àfi bó ṣe tún fi béèrè bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la.

Nígbà tó kan Adájọ́, Baba Olójò bi í pé kí ni olóògbé jẹ́ sí i. Mo ti lanu láti bá a dáhùn pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ọmọ náà wò mí, mo pa ẹnu mi dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, gbogbo wa sì dúró dè é. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni àwọn jọ ń ṣe.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Baba Olójò dìde, ó ní kí òun náà kí i nígbà náà, ó tẹrí ba fún un, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọmọ mi, ká ní o wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo di òpó wáyà mú. Ó tì í lọ sídìí àpótí funfun, ó ṣí i fún un. Ọmọ náà béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi kọjú síbi tó kọjú sí, ó sọ fún un pé kí oòrùn má baà wọlé ni. Ó béèrè ti agolo, ó ṣàlàyé. Ó wá bi í pé òjò tí afẹ́fẹ́ bá gbá kọjá lórí ẹnu agolo náà ń kọ́, ta ló ń ka ìyẹn. Baba Olójò họ orí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ṣì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó wá béèrè ilé-ìwé tó ń lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ. Mo sọ fún un pé o kọ̀wé pé Adájọ́ ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé ó tó bẹ́ẹ̀, pé ilé-ìwé girama ò gbà á, pé ilé kan wà ní ìlú ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn, ibùsùn mọ́, oúnjẹ ń lọ déédéé, ògiri rẹ̀ ga, o sì ń bọ̀ wá mú un lọ níparí oṣù. O ní kí a yé fi ìràwọ̀ kún orí ọmọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ kọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù àti ìtìjú wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ tó bá ọ gbé ẹrù wá sílé nígbà kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ ta ni èyí. Mo rí i pé o ò tíì sọ fún un pé o bímọ, mo ní ọmọ mi ni. Ó dùn mí, mi ò sì sọ fún ọ títí di òní.

Baba Olójò ní ká wá ní ọjọ́ kejì, ká jọ lọ sí ilé-ìwé girama, pé ọ̀gá ibẹ̀ mọ òun. Nígbà tí a débẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀ rárá. Ó sọ fún ọ̀gá náà pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun. Ọ̀gá náà dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó ní kí ni àwọn lè ṣe láti tù ú nínú. Ó ní kí wọ́n gba ọmọ yìí sílé-ìwé. Báwo lèèyàn ṣe máa kí ẹlòmíràn kú ará fẹ́ra kù tán tó máa wá kọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀? Ọ̀gá náà wò wá, ó wo àtẹ̀gùn, ó ní òkè ni kíláàsì àwọn ọmọ tuntun wà, yàrá ìsàlẹ̀ kún fún àga tó ti kán. Bàbá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ní àga tó ti kán ni iṣẹ́ òun, kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá náà ní pẹ́ẹ̀nì ń kọ́. Adájọ́ ní kí n gbé fóònù síwájú òun, ó sì fi imú tẹ odindi orúkọ ọ̀gá náà, tòun ti oyè tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti ń lọ tún àga ṣe níbẹ̀, ó ń súfèé, ìbàdí náà ò sì dùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n máa kàn sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run, mo kọ bàbá rẹ tẹ̀ lé e. Wọ́n béèrè àìlera tó wà lára ọmọ. Mo ronú gan-an, mi ò fẹ́ kọ ohun tí kò sí. Mo kọ ọ́ pé ibà mú un nígbà òjò tó kọjá, ó sì ti lọ. Akọ̀wé wọn wò ó, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́. Mo ní ẹsẹ̀ kò dùn ún rí. Ó ní ọwọ́ ń kọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́. Ó bá lu òǹtẹ̀ lé e. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò lè fọwọ́ sí, ibi tí wọ́n kọ ìyá sí. Mo ní ìyá ni èmi náà. Wọ́n ní ìyá tó bí i ni. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé yìí, bu ọwọ́ lù ú.

Wọ́n ti sin Ìyá Ìràwọ̀. Gbogbo wa jókòó ti rédíò, Baba Olójò náà wá, ó ti di ará ilé. Wọ́n ní èrò kún títì, wọ́n ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún. Wọ́n ní obìnrin arúgbó kan jókòó níwájú pátápátá, pé ìyá rẹ̀ ni, pé nígbà tí wọ́n ń ka gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe láyé, ó gbé àgbọ̀n sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Adájọ́ ní kí bàbá rẹ gbé rédíò sún mọ́ òun sí i.

Tí Ọlọ́run bá pèsè fún ọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Táyà àga rẹ̀ ti jẹ tán, ọ̀nà ilé-ìwé náà sì lókùúta. Fóònù náà máa ń jẹ dátà bí nǹkan míràn, mi ò mọ ibi tó ń kó o sí. Òwú mi náà ti ń tán. Má gba inú fóònù fi owó náà ránṣẹ́ o. Nígbà tó kọjá, ó dún pé owó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju bátìrì lọ. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ibí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní ìjáde, á ṣọ́ ọ ní ìwọlé. Wàá jẹ èrè ọmọ rẹ lójú ayé rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn ìyá síwájú, wọn á pe ìwọ náà, ẹsẹ̀ rẹ ò sì ní wúwo láti dìde.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ Ajé tó ṣíwájú ìparí oṣù ni wọ́n máa wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè ẹni tó máa ti Adájọ́ wá. Bàbá rẹ ní òun ni, mo ní èmi ni, Baba Olójò náà ń gbìyànjú láti sọ pé òun ni. Ọmọ náà ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní ìyá òun ló ń bọ̀ wá ti òun wọlé. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn olùkọ́, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi kó tó sọ ọ́. Ọmọ tí mo bá ọ tọ́ yìí ò purọ́ rí láyé rẹ̀. Má jẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ rẹ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.